Ibi Tí Ọṣẹ Bá Ti Hó

Wáṣà kan ló fà á. Wáṣà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń dí ojú oríkèé, kò ju bọ́tìnì kóòtù lọ, tó yẹ kó wà níbì kan tí kò sì sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn ìfẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó, kó lọ bá olódòdó. Ti àwọn méjì yìí bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ìdáná. Orí ọmọbìnrin wà lẹ́yìn fíríìjì àtijọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síta, ọkùnrin náà di tọ́ọ̀ṣì mú, ó sì ń tàn án síbi tí kò yẹ.

"Ẹ tàn án síbi ọwọ́ mi," ni ọmọbìnrin náà wí. "Kì í ṣe ojú mi ló ń jò."

Fítà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àtọmọdé àtàgbà. Iṣẹ́ gáàsì ni iṣẹ́ rẹ̀: gáàsì ìdáná, gáàsì àwọn tó ń jó irin pọ̀, gáàsì inú ẹ̀rọ tó ń mú omi hó nílé ìtajà. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò tíì lọ́kọ, kò sì fi ìyẹn ṣe àìsùn. Ìyá rẹ̀, alágbàfọ̀ tó fi ọṣẹ tọ́ ọ dàgbà, ló ń bá a ṣe àìsùn rẹ̀. Ìyá náà á ní, "Sípánà lo máa gbé wọlé ọkọ." Fítà á ní, "Ó sàn ju ẹnu lásán lọ, mà."

Ẹni tó pè é lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni bàbá arúgbó kan tó ń pọn bíà nínú ilé ara rẹ̀. Bàbá yìí ti lu ihò sára fíríìjì, ó gbé àgbá irin tó kún fún bíà sínú rẹ̀, ó sì gbé sílíńdà gáàsì dúró tì í níta. Róbà pupa ló ń gbé gáàsì wọ inú àgbá. Róbà kejì, tó mọ́ gaara bí omi, ló ń gbé ọtí lọ sí ẹnu ẹ̀rọ tó wà lára ilẹ̀kùn fíríìjì. Gáàsì yìí ló ń ti ọtí jáde, òun náà ló ń mú un hó. Sílíńdà tó yẹ kó lo oṣù mẹ́rin ń tán ní ọ̀sẹ̀ kan.

"Gáàsì mi ti di ìsáǹsá," ni bàbá náà wí láti orí àga rẹ̀. "Bí mo bá mú un wálé lónìí, yóò ti sá lọ́la."

Fítà yọ orí kúrò lẹ́yìn fíríìjì. Ó béèrè abọ́ omi, ó yọ ègé ọṣẹ ìyá rẹ̀ nínú àpò ṣòkòtò, ó pò ó títí ó fi ki, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún sí gbogbo oríkèé róbà, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ máa wò ó," ó wí. "Ibi tí ọṣẹ bá ti hó, ibẹ̀ ló ti ń jò. Ẹnu lè parọ́ fún mi, ọṣẹ ìyá mi kò lè parọ́."

Wọ́n dúró. Yàrá iṣẹ́ ọkùnrin tó di tọ́ọ̀ṣì mú, ọmọ bàbá náà, ṣí sínú ilé ìdáná. Iṣẹ́ gíláàsì ojú ló ń ṣe, Onígíláàsì sì ni wọ́n ń pè é. Ó to àwọn gíláàsì tí kò tíì ní férémù sójú fèrèsé, oòrùn sì ń gba inú wọn kọjá, ó ń da àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Oríkèé àkọ́kọ́ dákẹ́. Èkejì dákẹ́. Nígbà tó kan ọrùn sílíńdà, níbi tí rẹ́gúlétọ̀ olójú bí aago tó ń díwọ̀n gáàsì jókòó sí, ìhó kan yọ orí. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gun ara wọn lórí, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé sì wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Onígíláàsì mí kanlẹ̀. "Ó dà bí ìgbà tí ìràwọ̀ ń bímọ."

"Ó dà bí ìgbà tí wáṣà ò sí níbẹ̀," ni Fítà wí.

Ó tú u. Wáṣà ò sí níbẹ̀ lóòótọ́. Ó fi tuntun sí i, ó fi ọwọ́ dè é, ó fi sípánà kún un díẹ̀, ó tún kùn ún lọ́ṣẹ. Ọṣẹ náà tẹ́ síbẹ̀ bí ẹni tó sùn.

Kó tó lọ, ó pe ọkùnrin náà súnmọ́ àgbá. Kọnẹ́tọ̀ méjì ló wà, ìyẹn orí róbà tí wọ́n ń tì mọ́ àgbá: ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú. "Funfun ni ti gáàsì, dúdú ni ti ọtí. Ẹnu méjèèjì orí àgbá jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ pa á. Ti gáàsì ní ojú gígé lára. Ẹ má gbé funfun sórí ẹnu ọtí láéláé. Ó máa wọlé díẹ̀, ó máa há, ó sì máa dójú tì yín."

"Báwo ló ṣe máa dójú tì wá?"

"Ẹ ò ní fẹ́ mọ̀."

*

Ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n tún pè é. Ó ń jò, wọ́n ní. Fítà dé, ó kùn ún lọ́ṣẹ láti orí dé ìdí. Ọṣẹ ò hó.

"Kí ló wá ń jò?"

Onígíláàsì ń wo ilẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló dáhùn. "Àgbá ò jò, ọmọ mi. Sílíńdà ò jò. Ọmọkùnrin yìí ló ń jò. Láti ọjọ́ tó o ti lọ, kò rójú ṣe gíláàsì kan ṣoṣo. Lánàá, ó fún obìnrin kan ní gíláàsì ọkọ rẹ̀."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ kí ni? Ṣé mo parọ́ ni?"

Fítà wo ọkùnrin náà dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìka rẹ̀ gùn, ìyẹ̀fun gíláàsì sì ti sọ wọ́n di funfun dé oríkèé kejì. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù."

"Ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa da ọṣẹ sí i."

Fítà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bá òun fúnra rẹ̀ lójijì, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu bí ẹni tó jẹ nǹkan tí kò yẹ kó jẹ.

Báyìí ni ọ̀sán Sátidé ṣe di tiwọn. Ilé náà ní ìdákẹ́jẹ́ kan tí kì í dẹ́rù bani. Ní igun ilé ìdáná, ọtí tuntun tí bàbá náà pọn máa ń mí nínú ike rẹ̀: pọ́rọ́, á dákẹ́, pọ́rọ́. Àwọ̀ ojú fèrèsé á rìn kúrò lára ògiri, á bọ́ sílẹ̀, á gun bàtà Fítà, kò sì ní mọ̀ pé òun ti jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Onígíláàsì á máa dán gíláàsì, Fítà á máa to wáṣà rẹ̀ sínú agolo. Wọ́n lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan láìsọ̀rọ̀, bí ẹni méjì tó jọ wà nínú ọkọ̀ ojú omi kan náà.

"Ìyá rẹ̀ ló kú," ni bàbá náà sọ fún un lọ́jọ́ kan, ó ń fi àgbọ̀n júwe ọmọ rẹ̀. "Ilé wá dákẹ́ jù. Mo fẹ́ ohun tí yóò máa mí nínú rẹ̀. Ológbò ò bá mi lára mu. Ni mo bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọn bíà." Ife kan ni bàbá náà ń mu lọ́jọ́ Sátidé, àwọn aládùúgbò ló ń mu ìyókù. Ìlàjì ife ti tó fún ọmọ rẹ̀ láti sùn lọ lórí àga.

Lọ́jọ́ kan, Onígíláàsì gbàgbé ara rẹ̀, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Fítà gbé ojú kúrò nínú agolo wáṣà rẹ̀.

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní, ṣé o ti jẹun."

"N kò tíì jẹun," ni Fítà wí. "Ìwọ ńkọ́?"

Láti ọjọ́ náà, "ẹ" kú láàárín wọn, ẹnikẹ́ni ò sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí Fítà bá ń lọ sílé lójú ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ á máa bá a jà. Ọtí ló pa bàbá rẹ̀. Láti kékeré ló ti mọ igo tó wà nínú táńkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀, èyí tó wà nínú bàtà òjò, èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá rẹ̀ á dúró láàárín ilé, á búra pé ẹnu òun ò kan nǹkan kan. Fítà jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí wọ́n sin ín. Ìyá rẹ̀ fi ọṣẹ fọ gbogbo ilé, dé òkè àjà, ó ní, "Ọtí ò ní wọ ilé mi mọ́, ọmọ mi ò sì ní wọ ilé ọtí." Ìyẹn ni Fítà ṣe ń bi ara rẹ̀ léèrè: nínú gbogbo ilé tó wà láyé, ṣé ilé tí bíà ti ń jáde lára fíríìjì ni ọkàn òun rí sùn sí?

*

Nígbà tó di oṣù karùn-ún tí wọ́n ti mọra, Onígíláàsì gé irun, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀, ó sì dìde dúró láàárín yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Fítà rí bébà tó ká sọ́wọ́.

"Ọ̀rọ̀ mélòó ni?"

"Ó tó ojú ewé méjì."

"Gé e kù."

Ọkùnrin náà ṣí bébà, ó wò ó, ó tún ká a padà. "Fẹ́ mi."

Fítà dúró díẹ̀, bí ó ti máa ń dúró lẹ́yìn tó bá kun nǹkan lọ́ṣẹ. Kò rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jò.

"Màá fẹ́ ọ," ó wí. "Ṣùgbọ́n ìyá mi gbọ́dọ̀ jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Òun nìkan ló kù fún mi. Bí ìyá mi ò bá jókòó, èmi náà ò ní dìde lọ sílé ọkọ kankan." Ó wá sọ ti bàbá rẹ̀ fún un, ó sọ ti igo inú bàtà òjò. "Nítorí náà, jẹ́ kó wá. Kó fi ojú ara rẹ̀ rí àgbá náà. A ò ní pa nǹkan kan mọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Nílé, ìyá rẹ̀ ń sá aṣọ sórí okùn. "Iṣẹ́ wo lo wá ṣe fún wọn gan-an?"

"Gáàsì ni, mà."

"Ah, gáàsì. Wọ́n ń dáná nílé nìyẹn. Ó dáa."

Fítà jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá dé ibẹ̀, ojú á rí i, ẹnu á sinmi. Òótọ́ tí wọ́n gé sí méjì ni, ó sì mọ̀.

*

Ọjọ́ Sọ́ńdè ni wọ́n lọ. Ìyá Fítà wọ bàtà tó dára jù, ó wọ gíláàsì rẹ̀ tí apá kan rẹ̀ ti ṣẹ́, tó fi òwú so. Ó jókòó sí etí àga, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Àṣà rẹ̀ nìyẹn: ilé tí kò bá tíì dá a lójú, báàgì rẹ̀ kì í kan ilẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ń lọ dáadáa. Bàbá Onígíláàsì ní, "Ìyá wa, ọmọ yín ti tún gbogbo ilé mi ṣe tán. Ó ku èmi nìkan tí mo ń dún bí mo bá fẹ́ dìde." Ìyá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ tú díẹ̀ lára báàgì. Onígíláàsì nìkan ni kò balẹ̀. Ó ń làágùn, ó ń wo ilẹ̀kùn yàrá.

Fítà dìde lọ bu omi. Ó ṣí fíríìjì. Àgbá ò sí níbẹ̀. Róbà pupa ò sí, róbà gaara ò sí, sílíńdà ò sí níta. Ihò inú fíríìjì ń wò ó bí ojú tí wọ́n yọ. Kó tó la ẹnu, ó gbọ́ ìró kan láti inú yàrá: ṣííííí. Kò sí ẹni tó ní láti sọ ohun tó jẹ́ fún un.

Nígbà tó sáré jáde, ìhó funfun ti ń rá gba abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá bọ̀, jẹ́jẹ́, bí ohun tó mọ ibi tó ń lọ. Ó dé ibi bàtà ìyá rẹ̀. Ìyá náà wò ó. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó dìde, gíláàsì rẹ̀ bọ́ sórí àga, kò tiẹ̀ mọ̀. Ó lọ, ó sì ṣí ilẹ̀kùn náà.

Àgbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n da aṣọ ìbora bò ó bí aláìsàn. Kọnẹ́tọ̀ funfun há sórí ẹnu ọtí, bíà sì ń fọ́n gba abẹ́ rẹ̀ lọ sára ògiri, sórí ìrọ̀rí, sí àjà. Onígíláàsì já wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, bíà sì fọ́n sí i lójú.

"Kí ló gbé àgbá mi dé yàrá?" ni bàbá rẹ̀ béèrè.

"Mo ní kí màmá má bàa rí i. Ẹ sì ní kí n má fi í sílẹ̀ láìsí gáàsì lórí rẹ̀, mo bá sáré so ó padà..."

"O gbé funfun sórí dúdú," ni Fítà wí. Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ti ẹnu sílíńdà pa, ó fa òrùka orí àgbá kí gáàsì inú rẹ̀ lè jáde, ìró náà sì kú.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, ìyá rẹ̀ ní, "Lábẹ́ aṣọ ìbora." Ohùn rẹ̀ ò ga. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mọ̀ pé ọtí wà nílé yìí?"

"Mo mọ̀, mà."

"Gáàsì ni, àbí?"

 Ìyá náà fi báàgì sábẹ́ apá, ó sì jáde.

*

"Ọtí?" ni ìyá rẹ̀ wí lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́. "Ta ló ń bínú sí ọtí? Láti ogún ọdún ni mo ti ń fọ òórùn rẹ̀ kúrò lára kọ́là àwọn ọkùnrin. Bàbá rẹ ì bá gbé igo rẹ̀ sórí tábìlì, ká jọ jà sí i, bóyá à bá rí i ṣe. Ṣé o mọ ibi tí mo ti rí èyí tó kẹ́yìn? Nínú báàkẹ́ẹ̀tì ọṣẹ mi. Mo fọwọ́ wá aṣọ nínú ìhó, igo ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Nínú ọṣẹ mi!" Ó fún ṣẹ́ẹ̀tì kan títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. "Ọtí kọ́ ló lé mi jáde lánàá. Ìpamọ́ ni. Ẹni tó bá pa àgbá mọ́ lónìí, kí ni yóò pa mọ́ lọ́la?"

"Ẹ̀rù ló bà á, mà."

"Ẹ̀rù ba bàbá rẹ náà." Ó na ṣẹ́ẹ̀tì náà sórí okùn. "Mi ò ní kó o má fẹ́ ẹ o. O ti dàgbà. Mo kàn sọ pé ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ilé yẹn mọ́."

Ohun kan náà nìyẹn, àwọn méjèèjì sì mọ̀.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Fítà ń so róbà kiri ìlú. Bí ó bá kun nǹkan lọ́ṣẹ nílé oníbàárà, tó wá ń dúró, ojú rẹ̀ á lọ sójú fèrèsé, á máa wá àwọ̀ tí kò sí níbẹ̀. Onígíláàsì kọ lẹ́tà mẹ́rin. Kò ṣí ọ̀kankan. Ó mọ̀ pé wọ́n á dùn.

Bàbá arúgbó ló kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀. Ó wá sílé ìyá Fítà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí aṣọ funfun kún ojú okùn tí ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó jókòó sórí àpótí láàárín àwọn aṣọ náà.

"Ẹ káàsán, ìyá wa. Ọmọ mi ṣe ìwà òmùgọ̀. Kò ṣe ìwà olè."

"Ibẹ̀ ni olè ti ń bẹ̀rẹ̀, bàbá."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí náà ni mo fi bá a jà kí ẹ tó bá a jà. Mo ní, èmi lo fi aṣọ ìbora bò, kì í ṣe àgbá. Ohun tí mo fi ń gbádùn ọjọ́ ogbó mi lo sọ di ohun ìtìjú." Ó yọ nǹkan kan tó fi aṣọ wé. "Gíláàsì yín tí ẹ fi sílẹ̀ rèé. Ọmọ náà ti tún apá rẹ̀ ṣe. Ó ní kí n má sọ nǹkan kan sí i, nítorí náà mi ò sọ nǹkan kan."

"Ẹ ti sọ ọ́."

"Arúgbó ni mí, ẹnu mi ní ihò."

Ìyá Fítà ò ṣí aṣọ náà. Ó fi í sínú àpótí aṣọ, ó tì í pa. Ṣùgbọ́n kò jù ú nù.

*

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, Onígíláàsì wá sí ṣọ́ọ̀bù Fítà, kọnẹ́tọ̀ funfun tó há lọ́jọ́sí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ya lẹ́nu.

"Mo wá..." Ó mí. "Láti ọjọ́ tí o ti kúrò, ilé wa dà bí gíláàsì tí..."

"Dákẹ́," ni Fítà wí. Omi lé sí i lójú, ó sì bínú sí omi náà. "Mo bẹ̀ ọ́ pé kí a má pa nǹkan kan mọ́. Ohun kan ṣoṣo yẹn ni mo bẹ̀ ọ́."

"Mo mọ̀."

"Èmi náà gé òótọ́ sí méjì fún ìyá mi, mi ò mọ́ jù ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn kì í dí ihò. Ṣé o lè ṣiṣẹ́?"

Ó lè ṣiṣẹ́. Ní Sátidé, wọ́n gbé fíríìjì kúrò ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná wá sí pálọ̀, sábẹ́ fèrèsé ńlá, níbi tí ẹni tó bá ń kọjá lójú títì lè rí i. Fítà jókòó sórí àga, ó ká ọwọ́, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ sílẹ̀.

"Gé ẹnu róbà náà kó gún régé. Má gé e ṣẹ́gbẹ̀ẹ́, ó máa jò. Ti orí rẹ̀ bọ omi gbígbóná. Kà dé ogún. Tì í wọ kọnẹ́tọ̀ tuntun náà báyìí, ó ti rọ̀. Tì í dé ìdí. Dé ìdí, mo ní! Fi kílíìpù dè é. Wáṣà ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ṣé o rí i ni, àbí o rò ó?"

Ó tú u, ó wò ó. "Mo rí i."

"Fi ọwọ́ dè é kó o tó fi sípánà. Fọwọ́ pa ẹnu àgbá. Èwo ni ti gáàsì?"

Ó di ojú. Ìka tó ti dán ẹgbẹ̀rún gíláàsì rìn yí irin náà ká, ó dúró. "Èyí. Ó ní ojú gígé." Fítà ń wo ìka náà, ọ̀sán ń lọ díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ ewé kan ń sùn lórí èjìká ọkùnrin náà, ó sì wù ú kí róbà náà gùn títí dé òpin ayé kí iṣẹ́ má tán. Kò sọ ọ́. Ó ní, "Má so ó mọ́ ara ògiri. Fi í sílẹ̀ lójú."

Gbogbo rẹ̀ wà lójú: pupa, gaara, funfun, dúdú.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó bá ìyá rẹ̀ lẹ́nu okùn aṣọ. "Mà, òótọ́ tí mo jẹ kù rèé: bíà ni mo so róbà fún nílé wọn, gáàsì rẹ̀ ni mo ṣe. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mi ò ní kí ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò ní kí ẹ gbàgbé bàbá mi. Iṣẹ́ kan wà tó ṣe, ọwọ́ tèmi ò sí níbẹ̀. Ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá hó, ká jọ padà wálé, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ fún yín mọ́."

Ìyá rẹ̀ ká aṣọ mẹ́ta kó tó dáhùn. "Ta ló po ọṣẹ fún un?"

*

Ìyá Fítà wọ bàtà kan náà wá. Báàgì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Kò jókòó. Ó wo àgbá lábẹ́ fèrèsé, ó wo róbà gaara tí bíà dúró sínú rẹ̀ bí oyin, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ibì kan tó fara pamọ́. Onígíláàsì gbé abọ́ ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fún un.  Ìyá náà ti ìka bọ abọ́, ó fi ìka méjì pa á, ó fajú ro.

"Kí lèyí? Ọṣẹ ni àbí òjò? Eléyìí ò lè rí nǹkan kan."

Ó ṣí báàgì rẹ̀. Ó mú ọṣẹ tirẹ̀ jáde, ó rẹ́ ẹ sínú omi, ó pò ó bí ó ti ń pò ó láti ogún ọdún, títí ó fi fà. Ó tún ki ọwọ́ sínú báàgì, ó mú aṣọ kan tó di kókó jáde, ó tú u. Gíláàsì rẹ̀ ni. Ó fi apá tuntun rẹ̀ kọ́ etí, ó sì kúnlẹ̀ ti sílíńdà.

Ó kun ọrùn sílíńdà. Ó dúró. Ó kun ìdí róbà pupa. Ó dúró. Kọnẹ́tọ̀ funfun, kọnẹ́tọ̀ dúdú, ẹnu ẹ̀rọ. Bàbá arúgbó di apá àga rẹ̀ mú. Nínú ilé ìdáná, ọtí tuntun ń mí: pọ́rọ́, ó dákẹ́, pọ́rọ́. Àwọ̀ fèrèsé ti rìn dé ẹ̀yìn ìyá náà, ó pupa lórí èjìká rẹ̀, ó di àwọ̀ ewé lápá rẹ̀, òun kò mọ̀. Ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin. Fítà rò pé bí òun bá mí, ó lè hó.

Ìyá rẹ̀ padà sí ọrùn sílíńdà, ó tún kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ó sì tún dúró, ó pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ta ló ṣe é?" ó béèrè, kò yí ojú.

"Èmi ni, mà," ni Onígíláàsì wí. "Ìwọ̀nyí nìkan sì kọ́ ni mo ṣe. Èmi náà ni mo ṣe ti aṣọ ìbora."

Ìyá náà wò ó nígbà náà, láti inú gíláàsì tí ọkùnrin náà tún ṣe, ó wò ó láti irun dé bàtà, láìkánjú.

"Kò hó," ó wí.

Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀ dìde, ó nu ìka rẹ̀ lára yẹ̀rì. Ó jókòó sórí àga, ó jókòó dé ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀.